Orúkọ Ẹlẹ́ṣin

Ọdọọdún ni ìjọ Àgùdà tí Monísọ́lá ń lọ máa ń gun ẹṣin káàkiri Upper Marlboro lókè òkun, láti fi rántí ìrìnàjò Jákọ́bù Mímọ́. Àwọn ará Mẹ́síkò ló dá àṣà náà sílẹ̀. Ọkọ Monísọ́lá nìkan ni Yorùbá tó ń bá wọn gùn ún. Gbádégẹṣin lórúkọ rẹ̀, ó sì máa ń yangàn pé ẹṣin ti wà nínú orúkọ òun kí òun tó fojú rí ẹṣin. Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ Ìbàdàn!

Ikú mú un lọ lọ́dún yìí. Látìgbà náà, Monísọ́lá nìkan ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé ńlá tí wọ́n rà sí Fairwood.

Bí ẹlẹ́ṣin kan bá kú, wọ́n á fa ẹṣin tó máa ń gùn láìsí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Bó bá dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ará ilé olóògbé á ké orúkọ rẹ̀, gbogbo ìjọ á sì dáhùn pé, "Ó wà níbí!" Bí kò bá sẹ́ni tó ké e, ẹṣin á kọjá lọ bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ìdùnnú, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ló yẹ kó ké e. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gun ẹṣin náà ló pè láti Texas.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò fún mi láàyè níbi iṣẹ́. Ẹ bá mi pè é."

"Kí n pè é? Èmi?"

Ọmọ ti pa fóònù.

Kí lọmọ tí wọ́n bí sí Largo, lókè òkun níbí, mọ̀? Obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé, ṣé ó máa la orúkọ mọ́ ọkọ rẹ̀ lórí ni? Látọjọ́ tí wọ́n ti bímọ, "Bàbá Ìdùnnú" ni. Kódà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, tí wọ́n bi Monísọ́lá pé kí ló ń jẹ́, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ rẹ̀ ló nà sí wọn.

Ẹṣin dúdú náà dé, gàárì rẹ̀ ṣófo. Gbogbo ojú yí sí Monísọ́lá.

"Bàbá Ìdùnnú!" ló ké.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ta ló mọ ìyẹn? Ẹni tó di ìjánu mú ti ń fa ẹṣin lọ.

Háà! Monísọ́lá kúnlẹ̀ sórí kóríko, ó ní, "Ẹ foríjì mí o," ó wá fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké: "Gbádégẹṣin!"

"Ó wà níbí!" Èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi dáhùn, ṣùgbọ́n ó yé e yékéyéké. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, inú rẹ̀ sì dùn.

Inú rẹ̀ ṣì ń dùn nígbà tó wakọ̀ délé. Bàtà tí ọkọ rẹ̀ fi ń gun ẹṣin wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó bọ́ ọ sí. Orúkọ náà ti wá rọrùn lẹ́nu rẹ̀.

"Gbádégẹṣin," ó pè é jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó dúró. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè.