Akọ Igi Ẹ̀yìn Fèrèsé

Òórùn igi kan ló kọ́kọ́ bá mi jà nílé ọkọ. Igi kárọ́ọ̀bù ni, ẹ̀yìn fèrèsé yàrá wa gan-an ló wà. Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú mi nígbà tó tanná, ṣe ni mo ń bì ṣáá. Igi náà kò tilẹ̀ so rí. Àwọn méjìlá yòókù ló ń so èso gígùn dúdú bí irúgbá, tí a ń sè di omi dídùn tà. Èmi ọmọ òkè, ọmọ olóko àjàrà, kí ni mo mọ̀ nípa kárọ́ọ̀bù?

Ìyá ọkọ mi, Despinou, lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin létíkun. Loizos ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ìwakùsà. Ni elédùú kan bá ń kọjá, mo ní kó bá mi gé igi náà. Ó bi mí bóyá ìyá mọ̀ sí i. Mo ní ó mọ̀. Irọ́ gbuu ni mo pa. Ó kó igi lọ, ó fún mi ní èédú àpò méjì àti ọ̀pá ìtilẹ̀ kan tó gbẹ́ lára rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá dé, ó wo kùkùté náà títí. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Ó kàn gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó wọlé.

Nígbà tó yẹ ká máa gbọn èso lọ́dún kejì, ẹyọ kan kò sí lórí igi méjèèjìlá. Aládùúgbò wa ló là mí lóye: akọ ni mo gé, abo kì í dá bímọ. Oúnjẹ ilé ni mo gé lulẹ̀ yẹn. Mo gbé ọmọ mi, mo lọ jẹ́wọ́.

“Ìyá, èmi ni mo ní kí elédùú gé igi yẹn. Mo parọ́ pé ẹ mọ̀.”

“Ta ni ì bá tún rán elédùú níṣẹ́? Ewúrẹ́?” Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. “Nígbà tí mo lóyún ọkọ ẹ, èmi náà bì títí. Mo ní kí bàbá ẹ̀ gé igi yẹn. Ṣe ló gbé bẹ́ẹ̀dì wa lọ sí yàrá kejì. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ.”

Mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí òtútù lọ, ó gba ẹ̀ka akọ lọ́wọ́ ará òdìkejì àfonífojì. Ó la èèpo igi tó sún mọ́ fèrèsé wa jù, ó ki ẹ̀ka náà bọ̀ ọ́, ó fi àkísà dì í. Ó ní yóò tó ọdún mẹ́ta kí ẹ̀ka akọ náà tó tanná, kí àwọn abo lè tún so. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó wọ yàrá wa.

“Ìyàwó, di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn mú.”