Ẹ Bo Màṣíìnì Yín

"Ẹ bo màṣíìnì yín. Iṣẹ́ dúró títí wọn yóò fi kórè òwú tán," ni Mísì Haskell, obìnrin aláwọ̀ funfun tó ń bójú tó yàrá ìránṣọ, wí. Kò jókòó, kò sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Obìnrin dúdú ni gbogbo òṣìṣẹ́ inú yàrá ìránṣọ náà ní Marlow, ìlú kékeré kan ní Arkansas. Iṣẹ́ ìjọba ni. Nígbà tí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ni ìjọba dá a sílẹ̀ fún àwọn tí kò ríṣẹ́. Nígbà tí ogun sì dé, aṣọ àwọn ṣójà tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ń rán. Apá aṣọ kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ Verlene Battle. Ó rán an dé òpin kó tó gbójú sókè.

"Mà," ló wí, "àwọn tó ń ránṣọ ní kóòtù ńkọ́? Ṣé àwọn náà ń lọ sóko?"

Gbogbo yàrá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun tó ń ránṣọ nínú ilé ẹjọ́ ìlú ló ń béèrè.

"Oòrùn kò bá wọn lára mu," ni Mísì Haskell dáhùn. "Ó ti mọ́ ẹ̀yin lára. Òwú oko Ọ̀gbẹ́ni Tolliver ti ń bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ máa wá kó yín láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni tí kò bá lọ, kó má wá gba ìyẹ̀fun àti ẹ̀wà ìjọba mọ́."

"Oko yẹn ni ọkọ mi kú sí, mà. Mi ò lè padà síbẹ̀."

"Ogun là ń jà, Verlene. Àbí ẹ̀yìn Hitler lo wà?"

Verlene rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ẹ ti gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ẹ lọ bi í léèrè ẹ̀yìn ẹni tí mo wà."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Àǹtí Idella, tó dàgbà jù nínú wọn, fà á lápá. "Gun ọkọ̀ yẹn lọ́la, jàre. Ṣé agídí lo máa sè jẹ?"

"Màá fọṣọ fáwọn èèyàn, Àǹtí."

Òótọ́ ló sì ń fọṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nígbà tí ọlọ́pàá dé, tí wọ́n mú un lọ síwájú adájọ́. Adájọ́ kò bi í ju orúkọ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kò níṣẹ́ lọ́wọ́, pé ó kàn ń rìn kiri ìlú ni, obìnrin tí ọṣẹ kò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, wọ́n sì ní oko Tolliver ni yóò ti ṣe é, láìgba kọ́bọ̀.

Èèpo òwú le, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, gbogbo ìka Verlene ti bó. Àǹtí Idella kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí fọ́máànù bá ti kọ̀yìn, á bu òwú tirẹ̀ sínú àpò Verlene.

Ibẹ̀ ni Cleotis, ọmọ Verlene tó di ṣójà, ti bá a. Wọ́n fún un láàyè kó wá kílé kí wọ́n tó kó wọn kọjá sí òkè òkun. Aṣọ ológun rẹ̀ ṣì gún régé, àmọ́ eruku ti bo bàtà rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe níbí? Ṣebí ẹ ní aṣọ wa lẹ ń rán?"

"Mo ti rán an rí."

Cleotis bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. "Ẹ gbé àpò yẹn wá. Ẹ lọ jókòó síbòji."

"Má bọ́ ọ, Cleotis."

"Ìwọ ṣójà!" Fọ́máànù ló ń pariwo bọ̀, ọmọdékùnrin aláwọ̀ funfun kan tí Verlene lè bí. "Bọ́ sínú poro, tàbí kó o jáde lóko! Aṣọ yẹn kò sọ ọ́ di nǹkan kan níbí!"

Verlene rí i tí ọmọ rẹ̀ wa eyín pọ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n máa ń fi ojú ọkùnrin dúdú tó bá fèsì irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ó bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ó ń lọ, sà. Ó kàn wá kí mi ni, sà." Sà náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí a kò fọ̀.

Nígbà tí fọ́máànù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, Cleotis rọra béèrè pé, "Màmá, kí ni mo tún fẹ́ lọ jà fún?"

Verlene gbọ́wọ́ sókè láti tún kọ́là aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe, ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ bá kàn án. Bó ṣe ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ló ń tàn sí i.

"Jà kó o lè padà wá," ló wí. "Ìyókù kò kàn ọ́. Àmọ́ má wá mi wá síbí mọ́. O ò ní bá mi."

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá Verlene sílẹ̀ ni yàrá ìránṣọ tún ṣí. Mísì Haskell ránṣẹ́ pé àyè rẹ̀ ṣì wà, tó bá ti kọ́gbọ́n. Verlene ta àdògán rẹ̀, ó sì fi owó rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin lọ sí Síkágò, ìlú ńlá kan ní àríwá.

"Iṣẹ́ wo lo mọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Síkágò?" ni Àǹtí Idella bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò mọ̀. Wọn kì í ṣáà gbin òwú níbẹ̀."

Àǹtí Idella bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já lójijì. "Máa lọ, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ọ́ pé kó o dúró."

Verlene ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ló rántí pé kò sí ohun kan nínú ilé náà tó ṣe é jí. Ó tún ṣí i, ó fi í sílẹ̀ gbayawu, ó sì gbé àpò rẹ̀.