Ìlà Dúdú Tó Pòórá

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ń ṣàn án?" Àǹtí bi Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́, ẹ̀rín ń pa á. "Abájọ tẹ́ ẹ fi ń pẹ́!"

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́, bí gbogbo yàrá ìwádìí ṣe ń pè é, kò gbójú kúrò lára abọ́ sẹ́ẹ̀lì ọwọ́ rẹ̀. "Kẹ́míkà tó ṣẹ́kù ni mo fẹ́ kó lọ. Tí mo bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì nígbà tí kẹ́míkà ṣì wà níbẹ̀, á tún lẹ̀ mọ́ nǹkan lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì ti kú. Ṣé ẹ̀yin kì í ṣàn án ni?"

"Mò ń ṣàn án," ni Àǹtí fèsì kíákíá. Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń da omi sí i tìfuratìfura, torí kí sẹ́ẹ̀lì má bàa ṣí kúrò.

Àwọn méjèèjì ló ń wádìí bí kẹ́míkà oníwàǹwára kan, tó máa ń yára so mọ́ nǹkan, ṣe ń lẹ̀ mọ́ purotéènì kan ṣoṣo nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, tó sì ń yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Tí Àǹtí bá ṣe é, ìlà dúdú á yọ lórí àwòrán, ìyẹn ni pé ó ti lẹ̀. Tí Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ bá ṣe é, òfo. Àǹtí ló yọ́ lọ sọ fún ọ̀gá pé iṣẹ́ kò yé ọkùnrin náà. Ọ̀gá sì ti ní kí Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ wá ibòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣàn yẹn kò kúrò lọ́kàn Àǹtí, ló bá tún iṣẹ́ náà ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣan abọ́ kan dáadáa, ó ṣe èkejì bó ṣe máa ń ṣe é. Nígbà tí àwòrán jáde, ìlà dúdú yọ fún èyí tí kò ṣàn dáadáa. Ti abọ́ tó mọ́ pòórá. Ara òkú sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo àtẹ́wọ́ tí wọ́n ti pa fún un ti wá. Ojú tì í débi pé ó da ojú àwòrán náà délẹ̀.

Ní ìpàdé, ọ̀gá ń yọ̀. "Àǹtí wa, wá fi tìẹ hàn wọ́n. Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́, lajú ẹ dáadáa o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ náà bá wọn rín in.

Àǹtí gbé àwòrán tuntun náà sára ògiri. "Ọ̀gá, iṣẹ́ tèmi ni kò dáa. Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ló ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹjọ́ wọn tí mo wá fi sùn yín yẹn, mi ò jàre."

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ wò ó títí.

"Ẹ̀yin ni?" ó bi í jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi bẹ ọ̀gá kí wọ́n má lé mi?"

Àwíjàre kún ẹnu Àǹtí. Ó gbé e mì.

"Èmi ni, Bọ̀dá."