Òòrùn Ojú Fèrèsé

"Ẹ má fagi lé e, sà. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀."

Ìyá Ìbejì ló ń bẹ̀bẹ̀, àmọ́ Ọ̀gá kò gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì tí yóò fagi lé ìkéde tí sátẹ́láìtì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ẹ-Dúró-Ná ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í sọ pé kí wọ́n dúró ná lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì tí wọ́n ń tọ́jú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òkè ọ̀run lọ́hùn-ún ló wà, ó ń ṣọ́ ìtànṣán gámà, ìmọ́lẹ̀ alágbára tí ojú lásán kò lè rí, tí ìràwọ̀ ńlá máa ń tú jáde nígbà tó bá ń kú. Bó bá ti rí i, lójú ẹsẹ̀ ni yóò ṣírò rẹ̀, yóò sì kéde fáwọn tó ní awò awọ̀nàjíjìn, kí wọ́n lè yíjú síbẹ̀ kí iná náà tó kú pátápátá.

Ìyá Ìbejì ló kọ ètò ìṣirò náà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ a máa kì í pé, "Afasẹ́-jọ-ìmọ́lẹ̀, ìyá tí í dá igbe ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò." Àmọ́ lọ́sẹ̀ yìí, oríkì ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni òòrùn ta iná, tó tú irú ìtànṣán kan náà jáde, tí ètò yín ní ìràwọ̀ ló kú," ó wí. "Olùtọ́jú awò ní òkú tí a kéde ṣì ń jẹun. Bá a bá tún tàn án lẹ́ẹ̀kẹta, kò ní gba ìkéde wa mọ́ láé." Ó nawọ́ sí fèrèsé, níbi tí òòrùn ọ̀sán ti ń jó páànù òrùlé. "Ẹ wò ó. Láti àárọ̀ ló ti ń ta iná."

"Mo rí i, sà. Òòrùn tiwa nìyẹn. Ti sátẹ́láìtì ńkọ́?"

Ọ̀gá yíjú kúrò lójú fèrèsé.

Ìyá Ìbejì fìka tọ ipa sátẹ́láìtì lójú kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀yìn ayé ló wà báyìí. Ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀. Odindi ayé ló dí òòrùn mọ́ ọn lójú. Ọ̀nà wo ni iná òòrùn fẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Ojú ti Ọ̀gá. Bí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó, òòrùn ojú fèrèsé ló fi ń ṣèdájọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ayé. Ó gbọ́wọ́ kúrò, ó sì pe olùtọ́jú awò lórí fóònù.

"Ẹ yíjú awò yín síbẹ̀. Èmi ni mo dúró fún un."

Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Ẹ-Dúró-Ná, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má dúró?"

"Ẹ má dúró rárá."

Wọ́n gbé fóònù sáàárín tábìlì. Ìyá Ìbejì di ojú, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ohùn tó dé, kò sì sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ mọ́.

"Ó wà níbẹ̀. Ó ti ń ṣá, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Ẹ ṣeun o."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè," ó wí. Ó dìde, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn fún un. "Láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa sọ ìkéde tí a ó fagi lé."

"Mo gbọ́, sà. Àmọ́ ètò mi náà jẹ̀bi ẹ̀ẹ̀mejì yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọ kó máa kọ́kọ́ béèrè ibi tí òòrùn wà."

Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.