Gbogbo Àgbá Ló Kún

Mọ́ṣádé kì í ṣe òpùrọ́. Ìbẹ̀rù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, ẹni tí kò bá sì mọ irọ́ pa, ẹ jọ̀ọ́, kó má dán an wò.

Àwọn wẹ́lífíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, ló kọ̀wé sí i pé àwọn ń bọ̀ wá wo ilé tí Ayọ̀fẹ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń gbé. Wọ́n gbọ́ pé ọkọ tó fẹ́ lẹ́yìn bàbá ọmọ náà ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Òótọ́ ni wọ́n sì gbọ́. Theophilus lorúkọ ọkọ náà, wẹ́dà tó ń jó irin ni ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, inú bí i, ó fi páìpù irin na ọmọṣẹ́ rẹ̀, apá ọmọ náà kán. Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Láti ìgbà tó ti jáde, kò gba ọmọṣẹ́ mọ́. Géètì tó yẹ kí èèyàn mẹ́ta gbé, òun nìkan ní í wọ́ ọ. Gbogbo èyí ni Mọ́ṣádé ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbà láti fẹ́ ẹ.

Ìyá Frederick, ìyá bàbá ọmọ, ni kò gbọ́ títí di oṣù tó kọjá. Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni màmá ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti gbéra lọ bá àwọn wẹ́lífíà pé kí wọ́n gba ọmọ-ọmọ òun fún òun. Ẹ má bá a wí. Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀ tí kò ní fò dìde? Frederick tó bí ọmọ ni ká bá wí, tó jókòó sí Èkó láti ọdún mẹ́rin, tí kò ra bàtà kan ránṣẹ́.

Mọ́ṣádé wá di ẹrù ọkọ rẹ̀ sínú báàgì ńlá kan, aṣọ, bàtà, títí kan búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó gbé e pamọ́ sọ́dọ̀ Sàúdátù, aládùúgbò rẹ̀.

"Ìyá Ayọ̀fẹ́, jẹ́ ká sọ òótọ́ fún wọn," Theophilus bẹ̀ ẹ́.

"Òótọ́ yẹn ni wọ́n máa fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ẹ dúró sí ṣọ́ọ̀bù títí di ìrọ̀lẹ́."

Ó wá pe ọmọ. "Bí ìyá wẹ́lífíà tó ń bọ̀ yẹn bá bi ẹ́, èmi àti ìwọ nìkan la ń gbé ibí. Ṣé o gbọ́?" Ayọ̀fẹ́ ní òun gbọ́.

Ìyáàfin Matilda, òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà, dé ní ọ̀sán, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, fáìlì lábẹ́ apá. Mọ́ṣádé ti se ìkọ́kọrẹ́ dè é, torí àlejò kì í ti ilé Ìjẹ̀bú jáde lẹ́nu gbígbẹ.

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó ti kó lọ, mà."

Ìyáàfin Matilda kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kíṣìnì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, Ayọ̀fẹ́ sì ń bu oúnjẹ níbẹ̀. Ohun tí Mọ́ṣádé gbàgbé nìyí: òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ ọmọ yìí pé ti baálé ilé ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù. Ọmọ náà sì bù ú, ó fi ẹja tó tóbi jù sí i, ó fi àwo dé e, ó gun àpótí, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ló tó wá bu ti àlejò.

"Ayọ̀fẹ́, ta ló ni ti òkè yẹn?"

"Ti Dádì ni, mà." Ó sọ ọ́ tán kó tó fọwọ́ bo ẹnu.

Mọ́ṣádé kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Ìyáàfin Matilda wí. "Ẹ̀wọ̀n tó ṣe ti wà nínú fáìlì mi kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì. Irọ́ tẹ́ ẹ kọ́ ọmọ yìí ni kò sí níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá nà án lọ́la, báwo ló ṣe máa sọ fún mi, nígbà tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ pé kó máa purọ́ fún mi?"

Obìnrin náà ní kí Mọ́ṣádé bọ́ síta kí òun bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó dúró lábẹ́ fèrèsé lẹ́yìnkùlé, ó tẹ́tí.

"Bí inú bá ń bí Dádì, kí ni wọ́n máa ń ṣe?"

"Wọ́n máa ń pọnmi, mà."

"Pọnmi báwo?"

"Ní kànga. Wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á máa pọn ọ́n títí inú wọn á fi rọ̀. Lọ́jọ́ tí mo fọ́ fóònù wọn, àgbá méjèèjì ló kún." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Àwa kì í ra omi, mà."

Ìyáàfin Matilda jáde wá, ó ṣí àwọn àgbá náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan kún. Èkejì dé ìdajì.

"Mi ò ní mú ọmọ lọ lónìí," ó ní. "Ṣùgbọ́n títí kóòtù á fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lóṣù mẹ́ta sí i, ọkọ yín ò gbọdọ̀ sun ilé yìí. Bí mo bá yọ lójijì tí mo bá a, Ìmùṣin ni ọmọ ń lọ. Ká ní ẹ ti sọ òótọ́ fún mi ni, ó ṣeé ṣe kí n má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí Theophilus dé nírọ̀lẹ́, Mọ́ṣádé ro ẹjọ́ fún un, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Ọkùnrin náà mú korobá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí kànga. Mọ́ṣádé jókòó sínú ilé, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà sínú àgbá, sínú bàsíà, sínú ìkòkò. Ó pọn sínú kẹ́tùlù. Ó pọn sínú ike omi tí Ayọ̀fẹ́ ń gbé lọ síléèwé. Nígbà tí kò sí ohun tó lè gba omi mọ́, ó jókòó, ó jẹ oúnjẹ tí ọmọ gbé pamọ́ fún un, ó jẹ ẹ́ tán. Ó wá gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ Sàúdátù, ẹrù tí ìyàwó rẹ̀ ti bá a dì sílẹ̀ láàárọ̀, ó sì lọ gba yàrá kan ní Ìjagun, kó máa sùn níbẹ̀.

Wọ́n lo omi náà títí di Ọjọ́bọ̀. Ìgbà tó ku bàsíà kékeré kan, Mọ́ṣádé fẹ́ bù ú fi tẹ ẹ̀bà, Ayọ̀fẹ́ sì fi àwo dé e.

"Ẹ má bu èyí, Mọ́mì. Ti Dádì ni."

Mọ́ṣádé kò bá a jà. Ó mú korobá, ó lọ sí kànga. Láti ọdún mẹ́ta tó ti fẹ́ ọkùnrin yẹn, kò tíì pọnmi níbẹ̀ rí. Ó ju okùn sísàlẹ̀, ó ń tú u, ó ń tú u. Kò mọ̀ pé kànga náà jìn tó bẹ́ẹ̀.