Bí Mo Ṣe Di Awakọ̀ Àǹtí

Àǹtí ni àwọn ọmọ wa ń pe mọ́tò bàbá wọn, nítorí ó dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Aláwọ̀ ewé ni nígbà tí a rà á, ṣùgbọ́n oòrùn ti jẹ ẹ́ débi pé mi ò mọ orúkọ tí mo lè pe àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kì í ṣí láti ìta. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó níbẹ̀, àfi kó dúró kí awakọ̀ na ọwọ́ láti inú, kó ṣí i fún un. Ọdún méjìlélógún ni ọkọ mi fi ń nawọ́ yẹn fún mi, tí èmi náà ń dúró létí ilẹ̀kùn bí olorì.

Ọjọ́ kan ni dókítà ojú sọ fún ọkọ mi pé kó má wakọ̀ mọ́. Ó ń rí iwájú dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ń pòórá mọ́ ọn lójú. Ọkọ mi kì í ráhùn. Ó délé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí fíríìjì, ó ní, "Màmá wọn, ọkùnrin kan máa wá wo Àǹtí lọ́la. Kó máa gbé e lọ."

Ọkùnrin náà dé lóòótọ́. Ó yí mọ́tò náà ká, ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó ní ẹ́ńjìnnì nìkan ló wúlò, òun á tú ìyókù palẹ̀. Mo wà lójú fèrèsé yàrá tí mo ti ń ránṣọ, mo ń ṣẹ́ etí yẹ̀rì oníbàárà kan. Bí mo ṣe gbọ́ pé wọ́n máa tú u palẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo bá ara mi níta pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," mo ní. "A ò tà á mọ́."

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Ta ló máa wà á?"

"Èmi ni."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí, máṣíìnì ìránṣọ nìkan ni mo sì ti fẹsẹ̀ wà rí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi lọ. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Lọ wọ bàtà pẹlẹbẹ."

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọn ò lò mọ́ la ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àǹtí fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó wúkọ́, ó kú. Mo tún ṣíná sí i, ó tún kú.

"Má tẹ iná bí ẹni ń pa aáyán," ọkọ mi wí. "Báwo lo ṣe máa ń tẹ máṣíìnì rẹ tó bá jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lò ń rán?"

Ló bá yé mi. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń rán aṣọ ìyàwó, Àǹtí sì rọra gbéra nílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti yà, díẹ̀ ló kù kí a kan ògiri.

Mo kùnà nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìwakọ̀. Mo rí oníbàárà mi kan lójú ọ̀nà nínú kaba tí mo rán fún un, mo sì dúró sáàárín títì kí n lè wò ó bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó dáadáa. Obìnrin tó ń dán wa wò kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán.

Obìnrin yẹn kan náà ló dán mi wò lẹ́ẹ̀kejì. Ó fa ilẹ̀kùn títí, kò ṣí. Mo nawọ́ láti inú, mo ṣí i fún un, mo ní, "Ẹ wọlé, mà." Èmi tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún láti ọjọ́ yìí! Àyà mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo wakọ̀ lọ, mo fi ẹ̀yìn rìn wọ àárín òpó méjì, mi ò kan ìkankan.

Nígbà tí a dúró, ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ ti yege, mà." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá mi ní irú mọ́tò yìí. Ṣé rédíò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́?"

Mo sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ rédíò kan ṣoṣo ló máa ń gbé. Mo tan án, orin kan ń lọ lọ́wọ́. Obìnrin náà ò sọ̀ kalẹ̀ títí orin náà fi parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú Àǹtí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní títì méjì àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dúró ni òun náà ń tẹ bíréèkì tí kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó gbé ìgúnpá lé ojú fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Màmá wọn, ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́ta yìí?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Ojoojúmọ́ lẹ ń kọjá níbẹ̀."

"Títì ni mò ń wò nígbà yẹn," ó ní. "Ta ló gbin gbogbo òdòdó yìí? Rọra, má sáré. Yà sọ́tùn-ún."

Mo yà. A wọ títì tí a ò níṣẹ́ níbẹ̀, a tún wọ òmíràn. A ra búrẹ́dì gbígbóná níwájú ilé oníbúrẹ́dì, a jẹ ẹ́ nínú mọ́tò, èérún rẹ̀ sì kún itan ọkọ mi, òun tí kì í jẹ́ kí ọmọ kankan jẹ bisikíìtì nínú Àǹtí.

Ilé àkọ́bí wa obìnrin la fàbọ̀ sí. Ó jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó rí bàbá rẹ̀ létí fèrèsé.

"Dádì, ta ló gbé yín wá?"

"Awakọ̀ mi ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú mọ́tò, ó rí mi, ó sì káwọ́ ọlọ́ṣẹ lérí. Ó sáré wọlé, ó ṣan ọwọ́, ó ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó sì wá jókòó sí àárín gbùngbùn ìjókòó ẹ̀yìn.

"Níbo la ń lọ?" mo bi wọ́n.

Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì dárúkọ. Mo kọ́kọ́ gbé wa lọ síbi tí ọmọ wí.