Ibi Tí Ayàwòrán Dúró Sí

Ọ̀la ni wọn yóò dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò náà padà fún onílé. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lára ògiri, ó káwọ́ lé itan, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Àbíkẹ́yìn, pé:

"Yà mí bí bàbá yín ṣe máa ń yà mí. Ibi tí wọ́n máa ń dúró sí ni kí o dúró sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o. Bàbá yín kì í fi fíìmù ṣòfò."

"Màmá, kò sí fíìmù nínú eléyìí."

"Èmi wà níbẹ̀. Má fi èmi náà ṣòfò."

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni bàbá ti ya ìyá láìmọye ìgbà kí ó tó kú: ìyá nínú oyún, ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ìyá nígbà tí ewú kọ́kọ́ yọ. Síbẹ̀, kò sí fọ́tò kan tí àwọn méjèèjì jọ wà. Ẹni tó ń yàwòrán kì í sí nínú àwòrán. Fọ́tò òní ni ìyá yóò mú dání lọ sílé àkọ́bí rẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, wọn kò ní rí yàrá yìí mọ́ láti tún un yà.

Kámẹ́rà bàbá ti kú tipẹ́. Lẹ́ńsì rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Àbíkẹ́yìn fi òrùka irin so ó mọ́ kámẹ́rà ìgbàlódé tirẹ̀. Kámẹ́rà yarí. Ó kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun kò rí lẹ́ńsì kankan.

"Ó ní òun ò rí i, Màmá."

"Kò mọ bàbá yín rí ni. Fi wọ́n hàn án."

Àbíkẹ́yìn wọ inú ètò kámẹ́rà lọ, ó pàṣẹ fún un pé kó máa yà bí kò tilẹ̀ rí lẹ́ńsì. Láti ìgbà náà, ohun gbogbo di ti ọwọ́ rẹ̀: òun ni yóò yí lẹ́ńsì títí àwòrán yóò fi mú, òun ni yóò pinnu bí ihò ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó, àti bí kámẹ́rà yóò ṣe lajú pẹ́ tó.

Àmì ọ̀dà pupa tí bàbá kùn sára lẹ́ńsì ṣì wà níbẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wà nílẹ̀. Nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù ló ti tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú rẹ̀, kí ó má baà máa fi àkókò ṣòfò láti wá ibi tí yóò dúró sí. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀, tó yí lẹ́ńsì dé ojú ọ̀dà, kò ní wàhálà mọ́: ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yóò mú kedere.

Àbíkẹ́yìn bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú ipa ẹsẹ̀ bàbá. Ó tutù, ó sì tóbi jù fún un. Ó fojú sí kámẹ́rà. Imú ìyá ló rí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti etí kan. Bẹ́ǹṣì ti pòórá.

Kì í ṣe ẹ̀bi lẹ́ńsì. Pátákó tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà tirẹ̀ ló kéré sí fíìmù bàbá. Àárín ohun tí lẹ́ńsì rí nìkan ló ń gbé. Ó ń gé ìyókù dànù.

"Ẹ ò gba inú ẹ̀, Màmá. Àfi kí n fẹ̀yìn rìn."

"Bàbá yín kì í fẹ̀yìn rìn."

"Ojú kámẹ́rà tiwọn fẹ̀ ju tèmi lọ."

Ìyá fi orí dá a lóhùn pé kó máa lọ.

Àbíkẹ́yìn ń fẹ̀yìn rìn. Ó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó kọjá gọ́tà, ó la òpópónà kọjá, títí ìdí rẹ̀ fi kọlu tábìlì télọ̀ tó wà ní òdìkejì.

"Ṣé aṣọ lo wá dá ni, àbí iṣẹ́ lo wá kọ́?" ni télọ̀ bi í. "Ẹ̀yìn lo fi wọlé!"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá Télọ̀. Màmá ni mò ń yà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá." Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Níbi tí ó dé yìí, ọ̀dà pupa kò wúlò mọ́. Ó ṣí ihò lẹ́ńsì tán pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán rú bo gbogbo yàrá bí ìkùukùu, ìyá sì jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tí a ń rí lójú àlá. Nǹkan dúdú kan wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú. Àbíkẹ́yìn ń pa ihò náà dé díẹ̀díẹ̀. Ìkùukùu ń ká kúrò. Nǹkan dúdú náà pín sí méjì, ó ní ìka, ó ní gìgísẹ̀. Oòrùn tó wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ti fi òjìji kún ipa ẹsẹ̀ bàbá.

Ihò ti kéré, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ lajú pẹ́. Ó fara ti òpó ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó sé èémí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó gbé e lọ bá ìyá. Ìyá gbé kámẹ́rà súnmọ́ ojú. Òun nìyẹn lórí bẹ́ǹṣì, odidi, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì dúró jẹ́ẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀.

"Wò wọ́n," ni ìyá wí. "Wọ́n kọjú sí mi."

Àbíkẹ́yìn na ọwọ́ sí kámẹ́rà. "Ṣé kí n tún un yà?"

"Kí lo tún fẹ́ yà? A ti pé."

Ìyá dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó ń jáde, kò tẹ ipa ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó yà fún un, bí èèyàn ṣe ń yà fún ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.